Bimpe Ti Gba Orogun Mi

Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò. Bàbá ní kò jẹ́ kí ẹ rí aṣọ sá láti ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le. Òtútù ibí ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí mi gbé ṣe. Ẹ ṣeun fún èlùbọ́ tí ẹ fi rán Ìyá Jọláyẹmí sí mi. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, mo sì tọ́jú ìdá kan síbi tí ọwọ́ mi kò ní tètè tó.

Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú pé mi ò kọ̀wé láti oṣù Keje. Ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù, atẹ́gùn ní í gbé e lọ, lẹ́tà ni kí n máa kọ kí ẹ lè máa kà á ní àkàtúnkà. Mo ti gbọ́, mà. Kọ̀ǹpútà ni mo fi tẹ èyí. Ẹ̀yin ẹ kọ tiyín lórí ìwé kí ẹ yà á ní fọ́tò bí ẹ ti máa ń ṣe.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Olùkọ́ wa ní yunifásítì ní kí oníkálukú kọ̀wé lórí bí ọkùnrin àti obìnrin ìlú rẹ̀ ṣe máa ń díje, àti bí wọ́n ṣe máa ń jà. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé gbangba ni ọkùnrin ti ń jà. Wọ́n á pariwo, wọ́n lè lu ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní obìnrin kì í sábà gbé ọwọ́ sókè, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ìdákẹ́ ni tiwọn, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó tán. Kíláàsì wa dàrú lọ́jọ́ náà. Màmá, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ ti gbé agbolé. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ sọ ohun tí ẹ fi ojú yín rí fún mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí Bàbá Kékeré àti Àǹtí Bímpé ìyàwó wọn. Ẹ sọ fún Àǹtí pé bùbá tí wọ́n rán fún mi ni mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́, mo máa ń rántí ọdún mẹ́ta tí mo fi ń ti ilé-ìwé bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìkìrun, tí wọ́n á gbé oúnjẹ fún mi kí n tó bọ́ bàtà.

Ọmọ yín tí ń retí ìdáhùn,
Morádéyọ̀.

*

Agbolé Adépọ̀jù, Inísà,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Morádéyọ̀ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. O kú iṣẹ́, o kú àjò. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wo ọ̀nà. Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò fi ní rántí ìyá rẹ̀? Mo ti sọ tèmi, ó tán nínú mi.

Kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n bá ọ wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, o ní, 'Mo ti ri oko ti n gbe mi lo sibi ise.' Mo ka á sí bàbá rẹ létí bí o ti kọ ọ́. Ó ti ń béèrè orúkọ bàbá ọmọkùnrin náà àti ìlú tí ó ti wá, kí n tó sọ fún un pé bọ́ọ̀sì ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn ní Ìkìrun, ọmọ tèmi wá ń kọ̀wé láìfi àmì sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ibi tó bá wu ẹni tó kà á ni yóò fà á sí.

Ní ti olùkọ́ rẹ, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a ṣe ìpàdé ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé bàbá rẹ àti Sọjí àbúrò rẹ̀ ni wọ́n máa ń díje lórí iṣu tó tóbi jù lọ. Sọjí dìde, ó ní lọ́dún yìí kí ìjọ lọ wo iṣu oníkálukú lóko, nítorí pé àwọn kan ń ra iṣu lọ́jà Igbayè wọ́n sì ń pè é ní tiwọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni ó ń wò. Bàbá rẹ dìde, ó di ọrùn bùbá rẹ̀ mú, ó fà á ya dé ìdodo! Àwọn díákónì méjì ló là wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi, mo bá àwọn méjèèjì lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Bùbá yẹn kan náà ni Sọjí wọ̀. Bímpé ti rán an. Bàbá rẹ ń fi ìka tọ ojú ìránṣọ náà, ó ní ìyàwó àbúrò òun mọ iṣẹ́.

Láti oṣù Kẹta, Ìkìrun ni bàbá rẹ ń lọ lójoojúmọ́. Bí mo bá bèèrè, yóò ní kí n dúró, pé ojú á rí ohun tí ojú kò rí rí. Mo fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n pé obìnrin ń fi ìdákẹ́ jà, mi ò rí i nínú agbolé yìí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bímpé ti wọlé bá mi. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ wọlé lọ́jọ́ ìyàwó. Kò gbó mi lẹ́nu rí, n kò sọ̀rọ̀ sí i rí. Bí ìkórè bá dé, èmi ni mo ń dúró nídìí ìkòkò ọkà pẹ̀lú igi Òkukù tí ìyá mi fi sínú ẹrù ìyàwó mi, òun ni ó ń pọn omi. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, kò sí ẹni tó bá mi du ìdí ìkòkò. Kọ ìyẹn fún olùkọ́ rẹ.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀. Má jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú.

Ìyá rẹ,
Adérónkẹ́.

*

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, láti Inísà,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá.

Morade, Bimpe ti gba orogun mi. Niwaju gbogbo ijo lo ti gba a. Baba re duro nibe, o n wo, ko soro. Ma so fun enikeni.

*

Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín, mo sì sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ.

Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ nǹkan náà nínú lẹ́tà yìí, nítorí ó ń kó mi nírìíra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè. Ṣé inú ilé wa ni ó wà báyìí, àbí ọ̀dọ̀ Àǹtí Bímpé? Ṣé ó ti pẹ́ tí Bàbá ti mọ̀ ọ́n? Kí ni Àǹtí rí sọ fún yín lójú ara yín, nígbà tí wọ́n gbà á?

Ọ̀rọ̀ Ìkìrun tí ẹ kọ sí mi lóṣù Kẹsàn-án ti wá yé mi. Ojoojúmọ́! Ọkùnrin tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tí gbogbo ìjọ ń pè ní bàbá! Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Mo ń wo fóònù títí ó fi dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún. Ẹ máa jẹun.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.

*

Agbolé Adépọ̀jù, Inísà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Ọmọ mi,

O ṣé tí o bá mi kẹ́dùn. N kò mọ̀ pé yóò dùn ọ́ tó báyìí. Ẹni tó bíni nìkan kọ́ ló ń mọ ẹ̀dùn ẹni, ẹni tí a bí náà ń mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè rẹ: ọ̀dọ̀ Bímpé ni ó wà. Mo gbọ́ pé inú yàrá ni ó gbé e sí, ó sì ń fi epo pa á lára. Èmi kò ṣe ìyẹn fún un rí. Bàbá rẹ ti mọ̀ ọ́n kí ó tó fẹ́ mi. Ní ilé ìyá mi ní Òkukù ni ó ti kọ́kọ́ rí i, ó yìn ín lójú mi, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí Bímpé sọ kò ju pé, 'Ìyáálé mi, ẹ lọ jókòó, ó ti rẹ̀ yín.' Níwájú àwọn obìnrin tí mo kọ́ ní iṣẹ́! Mo sì lọ jókòó. Ìjókòó náà ni ó ń dùn mí títí di òní.

Ní ti Ìkìrun, kò dùn mí rárá, eré ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ tí ó mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Jẹ́ kí ó fi dárayá.

Bímpé kò mọ̀ pé ó dùn mí, n kò sì ní sọ fún un. Yóò tán fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ ní o kì í gbé fóònù. Jọ̀ọ́, pè é.

Ìyá rẹ,
Adérónkẹ́.

*

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, láti Leeds sí Ọlábímpé Adépọ̀jù,
Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá.

Anti Bimpe, e kaaro. Mo ti gbo pe e gba orogun mama mi, o wa ninu yara yin, e n fi epo pa a lara. Oju ti mi nitori yin. Se mama mi ko lo mu yin lowo wo agbole ni? Se bi e se san an niyen? E da a pada sibi ti e ti ri i. Moradeyo.

*

Agbolé Adépọ̀jù, Inísà,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Morádéyọ̀,

Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta, n kò gbọ́ ohùn rẹ. O kò dáhùn lẹ́tà mi ti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ ìbí bàbá rẹ kọjá ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Láti àárọ̀ ni ó ti gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Inísà ni kò dára. Ọmọ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Inísà dára lọ́jọ́ náà. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe ọ́?

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kọkànlá, mo ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, mo bá orógùn mi lẹ́nu ọ̀nà, igi Òkukù tí mo fi ń ro ọkà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sì rán etí aṣọ náà pa. Mo mọ ojú abẹ́rẹ́ Bímpé. Mo kọ sí ọ pé ó gbà á lọ́wọ́ mi nídìí ìkòkò lọ́jọ́ tí a ń se oúnjẹ ìkórè, o sì bá mi kẹ́dùn lórí rẹ̀. Òun ló gbé e padà yìí, kò kan ilẹ̀kùn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Ìyáálé mi mọ́. 'Ẹ káàárọ̀, mà' ni ó ń kí mi, bí ẹni ń kí alábòójútó ilé-ìwé. Ó ń kúnlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúnkún rẹ̀ ń kan ilẹ̀ gan-an, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, yóò kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, yóò sì ti máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi wò. Kò ṣí ìkòkò mi mọ́. Mo bu ọbẹ̀ ránṣẹ́, ó dá àwo padà ní fífọ̀, ó dúpẹ́. Kò sí ibi tí mo lè di ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ṣe bí ẹni tí wọ́n fi olè kàn. Ta ló fi olè kàn án? N kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìwọ.

Bàbá rẹ àti Sọjí fẹ́ pe ìpàdé, kí àwa méjèèjì sọ ohun tó ń dùn wá. Bàbá rẹ ní bí ó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ì bá ti fa aṣọ ara àwọn ya, àwọn ì bá sì ti jẹun. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, òun tí ó lọ gba ilẹ̀ ní Ìkìrun láti gbin iṣu ní ìkọ̀kọ̀ kí àbúrò rẹ̀ má baà rí i! Ọkùnrin méjì ló bá a gbé iṣu náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti pàdánù ìyá mi, mo ti pàdánù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bímpé ni ó kù tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè bá ọkọ sọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá rẹ.

*

Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Màmá,

Èmi ni. Ẹ dárí jì mí tí mi ò kọ́kọ́ kí yín.

Igi Òkukù ni ẹ ń pe nǹkan yẹn láti kékeré mi. Mi ò gbọ́ kí ẹ pè é ní orógùn rí. Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé Bímpé ti gba 'orogun' yín, orogún ni mo kà. Mo rò pé Bàbá ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Ìkìrun, pé wọ́n mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ pàtẹ́wọ́, Àǹtí Bímpé sì gbà á sínú yàrá wọn, wọ́n ń fi epo pa á lára! Gbogbo ìbéèrè tí mo bi yín, obìnrin ni mo ń bèèrè. Gbogbo ìdáhùn yín bá a mu. Màmá, gbogbo rẹ̀ ló bá a mu.

Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Àǹtí Bímpé. Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí bí mo ti fi ránṣẹ́, láìsí àmì kan. Mo ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti rí i. Obìnrin ni mo ní lọ́kàn, igi ni wọ́n kà. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bọ́ mi fún ọdún mẹ́ta, mo pè wọ́n ní olè orógùn.

Mo pè wọ́n lónìí. Wọ́n gbé e. Mo ní, 'Àǹtí, ẹ dákun.' Wọ́n ní, 'Ẹ kú àárọ̀, ọkọ mi. Mo ti dá a padà o.' Wọ́n sì pa á. Ẹ gbọ́ 'ẹ' tí wọ́n fi kí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọ agbolé tí wọ́n bá mi lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ọkọ ni wọ́n ń pè mí, 'o' ni wọ́n sì ń pè mí pẹ̀lú rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé wọn ò lè fèsì fún mi. Ọkọ ló bá ìyàwó wí.

Mo ti pe Bàbá náà. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí ni mo ṣe, mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti pè kò jẹ gbèsè mọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe. Mo ti fi iṣẹ́ ilé-ìwé yẹn sílẹ̀ fún olùkọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní agbolé tiwa, obìnrin kì í fi ìdákẹ́ jà. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ gan-an, Bàbá pè mí, mi ò gbé e.

Ẹ ka lẹ́tà yìí sí Àǹtí létí. Ẹ bá mi kúnlẹ̀.

Morádéyọ̀.

*

Agbolé Adépọ̀jù, Inísà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Ọmọ mi,

O kú ọdún. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Kérésìmesì. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, bàbá rẹ bèèrè èwo ni kí òun bá mi ṣe. Nígbà tí mo kà á fún un, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà. Ó wá ní, 'Ní ọjọ́ orí mi yìí?' Mo rí i pé ó dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn díẹ̀. Má dá a lóhùn lórí ìyẹn.

Má da gbogbo ẹ̀bi sórí ara rẹ. Èmi olùkọ́ àmì ohùn ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ọwọ́ ń dùn mí, inú ń bí mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ láìfi àmì kan sí i. Mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ohun tí kò tó ìdajì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí, mo wé orógùn náà mọ́ra, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bímpé ní Ìkìrun. Ó kúnlẹ̀. 'Ẹ káàbọ̀, mà.' Ó gbé àga fún mi, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ka lẹ́tà rẹ sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ti dé ibi orogún, yóò bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó da ẹ̀rọ dúró, ó ní, 'Ìyẹn ni pé ọkọ mi gbà pé mo lè gba obìnrin sílé lé yín lórí?' Lẹ́yìn náà ló wá sunkún.

Mo ní, 'Ọmọ ṣèèṣì ni, Bímpé. Èmi ni kò ṣèèṣì. Ó dùn mí lọ́jọ́ tí o gba orógùn lọ́wọ́ mi. Ọrùn ọwọ́ mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, inú mi ń bú ọ.'

Ó ní, 'Mo mọ̀. Mo rí i lójú yín.' Ó ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọkà gbígbóná ì bá dà sí mi lẹ́sẹ̀, ohun tí ó jẹ́ kí òun gbà á nìyẹn. Ó ní, 'Ìyẹn nìkan kọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń pọn omi, Ìyáálé mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí èmi náà.' Ó ní ká ní mo kúkú gbá òun létí lọ́jọ́ náà, ì bá sàn ju bí mo ṣe lọ jókòó láìsọ̀rọ̀.

Mo kọ sí ọ pé kò sí ẹni tó bá mi du ìdí ìkòkò. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ. Ọdọọdún ni mo ń rí i tí ó ń wo ọwọ́ mi, ọdọọdún ni mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, tí mo ń ní, 'Bímpé, omi.' Ìjà ni, ọmọ mi. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé mo gbà fún un ní apá kan: obìnrin kì í fa aṣọ ara wọn ya, ìkíni la máa ń fà ya. Ṣùgbọ́n bi í pé, ta ló ń gbin iṣu ní ìkọ̀kọ̀ ní Ìkìrun? Àti ta ló fi ìdákẹ́ pa ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀ lára?

Mo gbé orógùn sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní òun ni kí ó dúró nídìí ìkòkò ní ìkórè tó ń bọ̀, èmi á pọn omi. Kò mú un. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.' Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Òní ni ọjọ́ kẹjọ, orógùn ṣì wà ní Ìkìrun, n kò sì mọ̀ bóyá ó ti tán. Ó pè mí ní Ìyáálé lẹ́ẹ̀kan, o ti rí i níbi tí mo kọ ọ́ sí. Ìyẹn ni mo dì mú.

Ìyá rẹ,
Adérónkẹ́.

*

Inísà,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Ọkọ mi, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́,

Mo kí ọ o. Ṣé o ń jẹun? Ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ mi, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, nítorí náà fi ara dà á.

Inú bí mi sí ọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi tó ìgbà mẹ́wàá, mo sì jókòó ti ẹ̀rọ, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí o bá wà nítòsí, ǹ bá bú ọ, ọkọ tàbí kì í ṣe ọkọ, lẹ́yìn náà ǹ bá gbé oúnjẹ fún ọ. Ọ̀nà jìn, ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ nínú mi. Àti bàbá rẹ! Ta ni yóò fẹ́ ọkùnrin tó ń bá iṣu sọ̀rọ̀?

Mo fi orógùn náà sórí tábìlì fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá mo ti ń ta ọkà. Lánàá, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ṣe ìdúpẹ́ ọdún tuntun. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì wá sí Inísà. Nígbà tí mo dé, ìyá rẹ ti pọn omi. Korobá mẹ́fà ló tò sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń dùn ún yẹn, òun nìkan. Ó ń wo orógùn tó wà ní abíyá mi. Mo bú u níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo ní ta ló ní kí ó máa pọn omi, ṣé ó fẹ́ kí apá òun já ni? Ó bú mi padà! A pariwo débi pé pásítọ̀ yọjú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, a ò ṣe é rí. Bàbá rẹ àti Sọjí ń sáré bọ̀ láti là wá, wọ́n bá wa tí a ti ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo ro ọkà náà. Ó ní kókó níbì kan, ìyá rẹ sì rí i dájú pé mo gbọ́.

Ọkọ mi, fi ọkàn balẹ̀. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ti ń kọ èyí, òun ló ń fi àmì ohùn sí i, kò jẹ́ kí n mí. Ó ní kí n kọ gbólóhùn tó kù yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, àmì àti gbogbo rẹ̀, kí n má sì ṣì í.

Orogún ìyá rẹ ni mí. Orógùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ọlábímpé.